Ẹnu Oníkàn: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Àyà àti Ìnira Àwọn Ọ̀dọ́ tí A Bí ní Obìnrin tí Wọ́n Mọ Ara Wọn ní Ọkùnrin

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ́ùn. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti tẹ̀ lé nígbà tí oníkàn bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí ohun tí ó ń bèèrè fún bá sì jẹ́ ohun tí ojú àwọn àgbà rẹ̀ kò rí rí. Àwọn ènìyàn kan wà tí a bí ní obìnrin, tí a sọ ní orúkọ obìnrin, tí a sì tọ́ dàgbà bí obìnrin, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ara wọn ní ọkùnrin. Nígbà tí ìbàlágà bá dé, tí ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ìdààmú ńlá ni ó máa ń jẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan a máa ká èjìká síwájú kí àyà wọn má baà hàn. Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀já di àyà pinpin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Wọn kò jẹ́ lúwẹ̀ẹ́, wọn kò sì jẹ́ bọ́ aṣọ níṣojú ẹnikẹ́ni.

Ìdààmú yìí ni a ó máa pè ní ìnira àìbáramu nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé àìbáramu ohun tí ara ń fi hàn àti ohun tí ọkàn mọ̀ ni orísun rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn ń ṣe láti mú ẹran ọmú kúrò, kí àyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti ọkùnrin, ni a ó máa pè ní iṣẹ́ abẹ àyà.

Kókó tí iṣẹ́ yìí dì mú ni pé iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ohun tí ó ń yí padà láti ìran dé ìran ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀ ta ni a ó gbà gbọ́? Ṣé ti ẹni tí ó ni ara ni, àbí ti dókítà, àbí ti òbí, àbí ti ìjọba? A ó tọ ipasẹ̀ ìbéèrè yìí láti Berlin ní àwọn ọdún 1920, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dé Amẹ́ríkà, kí á tó dé orí àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo ohun tí èdè Yorùbá, tí a fi ń sọ ìtàn náà níhìn-ín, lè là wá lójú sí nínú rẹ̀.

2. Iṣẹ́ Abẹ tí Ó Ti Wà Tipẹ́

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó ọdún sẹ́yìn, ní ọ̀rúndún keje, oníṣègùn ará Gíríìkì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paulus ti Aegina kọ ìwé nípa iṣẹ́ abẹ. Nínú ìwé náà, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọkùnrin tí ọmú wọn wú bí ti obìnrin, ó sì ṣe àlàyé bí a ṣe lè fi abẹ la àyà wọn kí a yọ ẹran náà kúrò. Ìdí tí ó fún iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a fiyè sí. Kò sọ pé àìsàn náà ń pa ènìyàn. Ohun tí ó sọ ni pé ẹ̀gàn ni ó jẹ́ fún ọkùnrin láti ní irú àyà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó tọ́ kí a gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gàn.

Ọgbọ́n yìí kò parun. Ní ọdún 1946, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, Jerome Webster, kọ àpilẹ̀kọ lórí bí a ṣe lè gba etí dúdú tí ó yí orí ọmú ká wọlé, kí àpá má baà hàn lára ọkùnrin tí a ṣe iṣẹ́ náà fún. Lára irú ìmọ̀ yìí ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ àyà lónìí ti mú ọgbọ́n. Bí ọmú bá kéré, wọ́n a gba etí orí ọmú wọlé. Bí ó bá tóbi, wọ́n a la ìlà méjì sí ìsàlẹ̀ àyà, wọ́n a kó ẹran àti awọ tí ó pọ̀ jù kúrò, wọ́n a sì gé orí ọmú kéré, wọ́n a lọ́ ọ padà sí ibi tí ti ọkùnrin máa ń wà.

Nínú gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tí ó bi àwọn ọkùnrin tí Paulus àti Webster ń tọ́jú léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ọkùnrin ni àwọn. Ìgbà tí ẹni tí a bí ní obìnrin bèèrè fún iṣẹ́ kan náà ni ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀.

3. Berlin: Ọ̀dọ́ tí A Kọ̀ fún

Ní ọdún 1919, Magnus Hirschfeld, dókítà ọmọ Júù kan, dá ilé ẹ̀kọ́ àti ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Berlin, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ akọ àti abo nínú ènìyàn. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn tí ìnira àìbáramu ń dà láàmú ti ń wá sí ibẹ̀. Gerd Katter, tí a bí ní ọdún 1910, wà lára wọn. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú ọmú òun kúrò. Wọ́n dá a lóhùn pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Katter padà sílé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí àwọn dókítà kọ̀ láti ṣe. Nígbà tí ó di pàjáwìrì, àwọn oníṣẹ́ abẹ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n parí rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1928, wọ́n fún Katter ní ìwé àṣẹ tí ó fi lè máa wọ aṣọ ọkùnrin láàrin ìlú láìsí pé ọlọ́pàá ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n ilé Hirschfeld kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Násì ya wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, wọ́n dáná sun àwọn ìwé rẹ̀ ní gbangba. Katter ní tirẹ̀ gbé ayé títí di ọdún 1995.

Ohun méjì ni a rí dì mú nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ẹ̀rù tí ó ba àwọn dókítà náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ọmú tí a bá gé kò ṣe é lẹ̀ padà, ọ̀dọ́ sì lè yí èrò rẹ̀ padà. Èkejì ni pé kíkọ̀ kì í ṣe dídúró lójú kan. Ẹni tí ó kọ̀ ti ṣe ohun kan, ohun tí ó ṣe náà a sì máa ní àbájáde tirẹ̀. Ìwọ̀n méjèèjì yìí ni gbogbo àríyànjiyàn òde òní ṣì ń gbé yẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń jiyàn kì í rí ju ẹyọ kan lọ.

4. Michael Dillon: Ẹni tí A Gbà Gbọ́ ní Ìkọ̀kọ̀

A bí Michael Dillon ní London ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1915, sínú ìdílé ọlọ́lá kan tí oyè wọn ti ilẹ̀ Áyálándì wá. Ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí rẹ̀, àwọn arábìnrin bàbá rẹ̀ ni ó tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà ní Folkestone. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ọmọkùnrin kan ṣí ìlẹ̀kùn ọgbà fún un kí ó kọ́kọ́ kọjá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún obìnrin. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó bá Dillon lójijì. Ìgbà náà ni ó tó yé e pé obìnrin ni ayé ń wò nígbà tí wọ́n bá ń wo òun.

Ó lọ sí Oxford, ó di olórí ẹgbẹ́ atukọ̀ obìnrin níbẹ̀, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1938. Ní ọdún 1939, ó tọ George Foss lọ ní Bristol, dókítà kan tí ń fi testosterone, họ́mónù akọ, tọ́jú àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń pọ̀ jù. Foss fún un ní oògùn náà, ṣùgbọ́n dókítà ọpọlọ tí wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ lọ rí kò pa àṣírí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ibi iṣẹ́ Dillon, ó sì di dandan fún un láti sá kúrò níbẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ní ilé àtúnṣe ọkọ̀ kan ní Bristol, níbi tí ó ti ń ta epo, tí ó sì ń ṣọ́ iná ní òru nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń já lu ìlú náà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kẹ̀, irùngbọ̀n hù. Ṣùgbọ́n kò sí họ́mónù tí í yọ́ ọmú tí ó ti wú. Ní ọjọ́ kan tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, Dillon ṣubú, ó fi orí gbá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ó ti bá oníṣẹ́ abẹ kan pàdé, ẹni tí ń tún ẹ̀yà ara ṣe, tí ó sì fetí sí i. Ní ọdún 1942, ọkùnrin yìí mú ọmú rẹ̀ méjèèjì kúrò. Ó tún kọ ìwé tí Dillon fi yí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà ní ọdún 1944, ó sì fi í mọ Harold Gillies, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní nítorí bí ó ti ń tún ojú àwọn ọmọ ogun tí ìbọn bà jẹ́ ṣe. Láàrin ọdún 1946 sí 1949, Gillies ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò dín ní 13 fún Dillon. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó kọ ọ́ bí ẹni pé àléébù tí a bí mọ́ ọkùnrin ni ó ń tún ṣe, kí àṣírí má baà tú.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí. Kì í ṣe òfin ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún Dillon, kì í sì í ṣe ètò ilé ìwòsàn kankan. Ìṣubú kan àti àánú ẹnìkan ni. Ẹlòmíràn tí kò ṣubú, tàbí tí ó ṣubú sí ọwọ́ dókítà mìíràn, kì bá tí rí i gbà. Àní, ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàápàá, abẹ́ irọ́ ni wọ́n fi pamọ́ sí nínú ìwé.

Dillon náà kọ ìwé. Ní ọdún 1946, ọdún tí àpilẹ̀kọ Webster jáde, ni ó tẹ Self jáde, tí ó sì wí nínú rẹ̀ pé bí a kò bá lè tẹ ọkàn kí ó bá ara mu, ara ni kí a tún ṣe kí ó bá ọkàn mu. Kò sọ nínú ìwé náà pé òun ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dublin, ó jáde ní ọdún 1951, ó sì di dókítà inú ọkọ̀ òkun. Ní ọdún 1958, àwọn oníròyìn rí i pé ìwé méjì tí ń to orúkọ àwọn ọlọ́lá kò bára mu lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan pè é ní àbúrò ọkùnrin tí yóò jogún oyè, èkejì pè é ní àbúrò obìnrin. Wọ́n tú àṣírí rẹ̀ fún gbogbo ayé. Dillon fi òkun sílẹ̀, ó lọ sí Íńdíà, ó gba ẹ̀sìn Búdà, ó sì kú ní Dalhousie ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1962, ní ẹni ọdún 47. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé tí ó kọ ṣáájú ikú rẹ̀ kò jáde títí di ọdún 2016. Odidi ọdún 54 ni ẹnu oníkàn fi wà ní dídì.

5. Lou Sullivan: Ẹni tí Ìdáhùn Rẹ̀ Kò Bá Ìwé Mu

Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1970, ohun tí a ṣe fún Dillon ní ìkọ̀kọ̀ ti di ohun tí àwọn ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe ní gbangba. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn kan, tí wọ́n fi orúkọ Harry Benjamin sọ, gbé ìlànà àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní ọdún 1979. Èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú, nítorí pé ètò dára ju oríire lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ètò ni ìdánwò wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ abẹ ní láti sọ ìtàn tí dókítà ń retí láti gbọ́, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n sì ń retí ni pé ẹni tí ó bá jẹ́ ọkùnrin ní tòótọ́ yóò fẹ́ràn obìnrin.

Lou Sullivan, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní ọdún 1951, kò sọ ìtàn náà. Ó sọ fún wọn pé ọkùnrin ni òun, pé ọkùnrin ni òun sì fẹ́ràn. Ètò ìtọ́jú ti Stanford kọ̀ ọ́. Ì bá purọ́, ọ̀nà ì bá là fún un, kò purọ́. Ní ọdún 1980, ó rí iṣẹ́ abẹ àyà gbà lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ní ọdún 1986, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní San Francisco fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn rí bí tirẹ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n sọ fún un pé ó ní àrùn éèdì, àrùn náà ni ó sì pa á ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1991, ní ẹni ọdún 39. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 10 ni ó ti ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́ sínú ìwé. Wọ́n tẹ àṣàyàn lára ìwé wọ̀nyí jáde ní ọdún 2019, ẹni tí ó bá kà á yóò gbọ́ ohùn ọ̀dọ́ kan tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe ara rẹ̀, tí kò rí i, tí kò sì dákẹ́.

Àwọn oníṣègùn pàápàá yí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ mú irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí wọlé bí aláìsàn ní ọdún 1980. Ní ọdún 2013, ìwé kan náà yí orúkọ náà padà, ó ní ìnira ni ohun tí a ó wò sàn, kì í ṣe irú ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí a yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò ní orí àwọn àrùn ọpọlọ, ìlànà tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022.

6. Àwọn Ọ̀dọ́ Òde Òní

Dillon jẹ́ ẹni ọdún 27 nígbà tí a ṣe iṣẹ́ abẹ àyà rẹ̀, Sullivan sì sún mọ́ 30. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí oníkàn bá jẹ́ ọmọ ọdún 16? Ìbéèrè tí Katter gbé lọ sí Berlin ni ó tún padà wá. Ní ọdún 1987, ilé ìtọ́jú kan tí ó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, lábẹ́ Peggy Cohen-Kettenis. Nígbà tí ó yá, ó kó lọ sí Amsterdam. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni pé oògùn tí ń dá ìbàlágà dúró lè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 12, họ́mónù ní ọdún 16, iṣẹ́ abẹ ní ọdún 18. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ àyà ṣáájú ọdún 18 bí òbí bá fọwọ́ sí i.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ọ̀já tí ọ̀dọ́ fi ń di àyà kì í ṣe aṣọ lásán. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2017, tí ènìyàn 1,800 dáhùn, ó lé ní 97 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó sọ pé dídi àyà ti fa ìpalára kan tàbí òmíràn fún àwọn, bí ẹ̀yìn ríro, ara híhún tàbí àìlèmí dáadáa. Síbẹ̀ wọn kò yé dì í.

Ní ọdún 2018, Johanna Olson-Kennedy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles fi ọ̀dọ́ 68 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àyà wé 68 tí wọn kò tíì ṣe é. Ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 13 títí dé 25. Wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ìnira tí àyà wọn ń fún wọn, wọ́n sì fi òǹkà wọ̀n ọ́n. Àwọn tí kò tíì ṣe é gba 29.6, àwọn tí wọ́n ti ṣe é gba 3.3. Àbámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàrin àwọn tí wọ́n ti ṣe é. Ìwọ̀nyí kì í ṣe òǹkà kékeré. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ òǹkàwé gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì wọn ìnira náà, wọn kò tẹ̀ lé ẹnìkan náà láti ìgbà tí kò tíì ṣe é títí di ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí ó ṣe é.

Àìtó ẹ̀rí yìí ni ó pín àwọn àgbà sí méjì. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ oníṣègùn tí ó gbé ìlànà 1979 kalẹ̀ tẹ ìlànà rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ orí tí a lè ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láìpẹ́ ọjọ́, wọ́n yọ àwọn ọjọ́ orí náà kúrò. Ọdún náà ni Sweden pinnu pé iṣẹ́ abẹ àyà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wáyé bí kò ṣe lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Hilary Cass, dókítà àwọn ọmọdé, jábọ̀ fún ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀rí tí ó wà lórí oògùn àti họ́mónù fún ọ̀dọ́ kò lágbára tó. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà á, àwọn mìíràn ta kò ó. Ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti Arkansas ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 20 fi òfin de irú ìtọ́jú yìí fún ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé òfin ìpínlẹ̀ Tennessee lórí oògùn àti họ́mónù kò tàpá sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà.

Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe kan ṣoṣo yìí ni ìhà méjèèjì lè pa. Ẹni tí ó ní kí a dúró yóò wí pé orí tí a bá fi ìkánjú gbá mú lè ṣẹ́. Ẹni tí ó ní kí a ṣe é yóò wí pé orí ti wọ́ tipẹ́, ọmọ náà ni ó sì ń ké.

7. Ohun tí Èdè Yorùbá Là Wá Lójú Sí

Bí a ti ń sọ ìtàn yìí bọ̀, kò sí ibi tí arọ́pò-orúkọ ti dá a dúró. Ẹni tí ó bá ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní láti yan akọ tàbí abo fún Dillon ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó sọ ohun tí ó ṣe. Ní Yorùbá, arọ́pò-orúkọ ẹnìkẹta ẹyọ kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo: "ó ṣubú", "wọ́n gbé e", "àyà rẹ̀". Bákan náà ni "ẹ̀gbọ́n" àti "àbúrò" ń sọ ẹni tí a kọ́kọ́ bí, wọn kò sọ akọ tàbí abo. Ó hàn gbangba níbi ìtàn ìwé oyè méjì ọdún 1958: àfi ìgbà tí a fi "ọkùnrin" àti "obìnrin" kún "àbúrò" ni aáwọ̀ àárín ìwé méjèèjì tó lè yé òǹkàwé. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé irú ẹ̀rí èdè báyìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1997, láti fi hàn pé ọjọ́ orí ni ó jẹ Yorùbá àtijọ́ lógún ju ẹ̀yà ara lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ ju bí ó ti mọ lọ. Èdè tí ó ní "ìyá" àti "bàbá", "ọkọ" àti "aya", kò fọ́jú sí akọ àti abo. Ohun tí a lè sọ láìjiyàn ni pé èdè yìí gba ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láàyè láti gbọ́ ìtàn ẹnìkan tán kí ó tó dájọ́ lórí rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà nínú orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá pè é ní "gígé ọmú" ń wo ohun tí ó ti lọ. "Ọmú" àti "ọyàn" sì ń mú ìyá àti ọmọ wá sí ọkàn, èyí tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le létí Yorùbá. Ṣùgbọ́n àyà jẹ́ ti tọkùnrin tobìnrin. Ibẹ̀ ni Yorùbá gbà pé ìgboyà àti ìbẹ̀rù ń gbé: ẹni tí kò bẹ̀rù láyà, ẹni tí ẹ̀rù bà, àyà rẹ̀ a já. Ẹni tí ó bá pè é ní iṣẹ́ abẹ àyà ń wo ohun tí ẹni náà ń wá. Kí á tó yan ọ̀kan nínú orúkọ méjèèjì, ó yẹ kí á mọ̀ pé a ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan.

8. Ìkádìí

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ìgbà mẹ́ta ni a ti dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́nà mẹ́ta. Ní Berlin, àgbà kò gbọ́, ọ̀dọ́ sì fi abẹ dá ara rẹ̀ lóhùn. Ní Bristol, àgbà kan gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ó gbọ́ pamọ́. Ní Amẹ́ríkà, àgbà fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó fẹ́ gbọ́. Ìdáhùn kẹrin ni ayé ń wá báyìí, nínú ilé ìwòsàn àti nínú ilé ẹjọ́, òun náà kò sì tíì délẹ̀.

Yorùbá gbà pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Àgbà ní ohun tí ọmọdé kò ní: ó ti rí i kí ènìyàn yí ọkàn padà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. Ọmọdé náà ní ohun tí àgbà kò lè ní láé: òun ni ó ń gbé inú ara náà. Bí a bá fẹ́ kí ìwádìí tí ó ń bọ̀ sàn ju èyí tí ó ti kọjá lọ, àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọdún karùn-ún, ní ọdún kẹwàá, ní ogún ọdún, kí wọ́n sọ bí ara ti rí, ìbáà ṣe ayọ̀, ìbáà ṣe àbámọ̀. Katter gbé ayé fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tirẹ̀. Irú rẹ̀ ni a kì bá tètè bi léèrè.